Kòkòrò kékeré tó ń dán lójú oòrùn, tí ìwo rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ: ta ló mọ̀ ọ́n?

Ìyá Ìbejì kọ:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, tí oòrùn àárọ̀ bá ti mú díẹ̀, mo máa ń rí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń jó lójú afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi óákù tó wà létí igbó. Wọn kì í tètè bà. Wọ́n á lọ sókè, wọ́n á bọ̀ nísàlẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n wà. Ara wọn ní àwọ̀ ewé, ó sì ń dán bí idẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó yọ lórí wọn. Ó gùn débi pé mo kọ́kọ́ rò pé òwú aláǹtakùn ló lẹ̀ mọ́ wọn.

Àwọn ọmọ ní labalábá ni, bàbá wọn ní ẹ̀fọn ni. Kí ni wọ́n gan-an? Ṣé wọ́n máa ń ta èèyàn? Ṣé kí n fín oògùn sí wọn kí wọ́n tó wọlé? Aṣọ òtútù wa pọ̀ nínú àpótí, mi ò sì fẹ́ kí kòkòrò dá ihò sí i lára.

Tíṣà Bàyọ́lọ́jì fèsì:

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgò oògùn yẹn padà síbi tí ẹ ti mú un. Kì í ta èèyàn, kì í jẹ èèyàn, aṣọ yín kò sì kàn án rárá. Àfòpiná ni, àmọ́ irú èyí tó ń fò lọ́sàn-án gangan. Ìdílé tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè ní Adelidae ni wọ́n ti wá, irú tí wọ́n sì ti fún lórúkọ nínú ìdílé náà káàkiri ayé tó nǹkan bí 300.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, igi óákù, oòrùn àárọ̀, àwọ̀ ewé tó ń dán bí idẹ, tí wọ́n tún pọ̀ tí wọ́n ń jó lójú kan, Adela reaumurella ló jọ jù lọ. Yúróòpù ni ilé rẹ̀. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni ó máa ń jáde. Tí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ tán, láti ṣóńṣó ọ̀tún dé ti òsì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 14 sí 18 péré. Ìwo akọ, ìyẹn okùn funfun méjì tí ẹ rí lórí rẹ̀, lè gùn tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹ́ iwájú rẹ̀. Ti abo kúrú ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ wo orí wọn pẹ̀lú, tí ọ̀kan bá bà sórí ewé: irun orí akọ dúdú, ti abo a máa pọ́n rúsúrúsú.

Àwọn tí ẹ rí tí wọ́n ń jó yẹn, akọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ibi tí oòrùn ti ráyè wọlé ni wọ́n ń kóra jọ sí, kí abo lè rí wọn. Abo á fò wọ àárín wọn, ọ̀kan nínú wọn á gbá a mú, àwọn méjèèjì á sì bà sórí ewé tó wà nítòsí. Nínú àwọn irú tó ń jó báyìí, ojú akọ sábà máa ń tóbi ju ti abo, torí ojú ni wọ́n fi ń wá ara wọn.

Ọmọ Ọlọ́dẹ fèsì:

Tíṣà, ẹ má bínú o. Mo ti gbọ́ láti kékeré pé alẹ́ ni àfòpiná máa ń fò, òun ló ń lọ kú sínú iná àtùpà. Báwo ni èyí tó ń jó lójú oòrùn ṣe wá jẹ́ àfòpiná?

Tíṣà Bàyọ́lọ́jì fèsì:

Ìbéèrè gidi ni, àbúrò. Ohun tí a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ara wọn kì í ṣe àkókò tí wọ́n ń fò. Àfòpiná tó ń fò lọ́sàn-án pọ̀ lọ jàra. Ìwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Orí ìwo labalábá máa ń wú ní ìparí, ó rí kùmọ̀-kùmọ̀. Ti àwọn Adelidae yìí tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí kókó kankan lórí rẹ̀. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ká ìyẹ́. Tí Adela bá bà, ó máa ń dá ìyẹ́ rẹ̀ bo ẹ̀yìn bí òrùlé ilé. Labalábá tó pọ̀ jù ń pa ìyẹ́ méjèèjì pọ̀ sókè, tàbí kí ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ìdílé àtayébáyé ni wọ́n láàárín gbogbo àfòpiná. Wọ́n ti rí ìbátan wọn tó há sínú oje igi tó ti di òkúta ní agbègbè Òkun Baltic.

Alákíyèsí fèsì:

Mo fara mọ́ ohun tí Tíṣà sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un, nítorí ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà jù nìyí. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń dán tí ìwo rẹ̀ gùn ni Adelidae o.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni àwọn caddisfly (kòkòrò abìyẹ́ kan tó jọ àfòpiná) tí wọ́n ń pè ní Mystacides. Àwọn náà dúdú, ara wọn a máa kọ yànrànyànràn bí aró, ìwo wọn gùn gan-an, wọ́n sì máa ń jó lójú oòrùn bákan náà. Tí ẹ bá rí wọn láìsúnmọ́, ẹ ó búra pé Adela ni. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé omi wà nítòsí? Inú omi ni ọmọ Mystacides ti ń dàgbà, nítorí náà lójú odò àti adágún ni wọ́n ti sábà máa ń jó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìyẹ́. Irun ló bo ìyẹ́ caddisfly, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló bo ìyẹ́ àfòpiná. Ẹ wo ẹnu wọn pẹ̀lú. Àfòpiná yìí ní ẹnu gígùn tó máa ń ká mọ́ abẹ́ orí, tó fi ń fa omi dídùn inú òdòdó. Caddisfly kò ní irú rẹ̀. Dípò rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan onírun méjì tó yọ síwájú lẹ́nu rẹ̀.

Ìkejì ni Micropterix. Àwọn yìí kéré ju Adela lọ, wúrà àti àwọ̀ àlùkò ló máa ń hàn lára wọn, inú òdòdó ni ẹ ó sì ti bá wọn tí wọ́n kóra jọ. Àfòpiná ni àwọn náà, ṣùgbọ́n ìwo wọn kúrú, wọ́n sì ní eyín tí wọ́n fi ń rún lẹ́búlẹ́bú òdòdó jẹ. Ó ṣọ̀wọ́n láàárín àfòpiná kí èyí tó ti hu ìyẹ́ máa fi eyín jẹun.

Àwọn aláwọ̀ ewé tó sanra díẹ̀, tí ìwo wọn nípọn, tí wọ́n ń fò lọ bọ̀ lórí koríko, Adscita ni ìyẹn. Ìwo wọn kò gùn rárá, ẹ ò lè ṣì wọ́n mú tí ẹ bá ti wo orí wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwo gígùn tún ku ẹyọ kan. Kòkòrò oníkarawun líle kan wà tó ń jẹ́ longhorn beetle. Fọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀: karawun ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ti àfòpiná rọ̀, ìpẹ́ rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí àtíkè.

Ìyá Ìbejì fèsì:

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Kò sí omi kankan nítòsí igi náà, òrùlé ilé gan-an sì ni ìyẹ́ wọn rí. Mo ti sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé kì í ṣe ẹ̀fọn.

Ṣùgbọ́n lánàá mo tún rí òmíràn. Òun nìkan ni, ó bà sórí ewé nínú òjìji. Ìlà wúrà gígùn-gígùn ló wà lára ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀já pupa rúsúrúsú kan sì dá ìyẹ́ náà ní àárín, etí ọ̀já náà ní àwọ̀ àlùkò. Ìwo rẹ̀ tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Tíṣà Bàyọ́lọ́jì fèsì:

Rárá o, ẹ kú oríire. Nemophora degeerella nìyẹn, akọ sì ni. Nínú gbogbo àfòpiná tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí èyí tí ìwo rẹ̀ gùn tó ti akọ rẹ̀. Ó lè tó ìlọ́po mẹ́rin ìyẹ́ rẹ̀. Oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni ẹ ó máa rí i, nínú igbó tó tutù díẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà onígi.

Ẹ ṣọ́ra fún Adela croesella, òun náà ní ọ̀já wúrà lára. Ó kéré sí i, ìwo akọ rẹ̀ kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1758 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó fún ọ̀pọ̀ ewéko àti ẹranko lórúkọ, fún méjèèjì tí ẹ rí yìí lórúkọ. Ó fi ọ̀kan bu ọlá fún Réaumur ará Faransé, ó fi èkejì bu ọlá fún De Geer ará Sweden, àwọn méjèèjì tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn jókòó ti kòkòrò, tí wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé. Ọ̀kan tún wà tó fi bu ọlá fún Swammerdam ará Netherlands, Nematopogon swammerdamella. Èyí kì í dán ní tirẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ìwo gígùn ìdílé yẹn kò kúrò lórí rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wé fèsì:

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń wá wọn mọ nǹkan kan: ẹ mọ ewéko, ẹ ó mọ kòkòrò. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ya ju kí á máa sáré tẹ̀lé wọn kiri lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní òdòdó tirẹ̀ tí kì í jìnnà sí.

Ní Yúróòpù, tí igi wílò bá ti ń tanná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ gbójú sókè, Adela cuprella á máa fò yí òdòdó rẹ̀ ká. Tí ó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí òdòdó Knautia aláwọ̀ àlùkò bá ti yọ nínú pápá, Nemophora metallica á jókòó sórí rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ kò ní ọ̀já, idẹ lásán ni láti òkè dé ilẹ̀. Òdòdó búlúù kékeré tí wọ́n ń pè ní Veronica chamaedrys, tó ń hù mọ́lẹ̀ nínú koríko, ni ti Cauchas fibulella. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rí ìyẹn, ẹ kúnlẹ̀ ni o, torí ó kéré púpọ̀: ìyẹ́ méjèèjì tí ó nà tán kò ju mìlímítà mẹ́wàá lọ. Òdòdó Cardamine pratensis ni ti Cauchas rufimitrella.

Èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá ni Adela septentrionella. Ìlà funfun wà lórí ìyẹ́ dúdú rẹ̀, igi kékeré tí wọ́n ń pè ní Holodiscus discolor ló sì fẹ́ràn. Tí ìtànná rẹ̀ bá ti ń là, ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà tàbí Ọsirélíà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ìran Ceromitia wà ní gbogbo ibẹ̀, ìran Nemophora sì dé Áfíríkà àti Éṣíà. Ẹ wo etí igbó.

Ọmọ Ọlọ́dẹ fèsì:

Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí wọn kì í fi jìnnà sí òdòdó kan? Ṣé ìtorí omi dídùn nìkan ni?

Ìyá Ẹlẹ́wé fèsì:

Ọmọ mi, torí ọmọ ni. Ibí yìí gan-an ló wù mí kí á dúró sí dáadáa.

Abo wọn ní nǹkan ṣóńṣó kan nídìí bí abẹ́rẹ́, tó lè na jáde, tó sì lè gún ara ewéko. Kì í lẹ ẹyin mọ́ ojú ewé bí ọ̀pọ̀ àfòpiná ṣe ń ṣe. Inú ewéko fúnra rẹ̀ ló ń yé e sí, nínú ọ̀pọ̀ wọn sì rèé, ìdí òdòdó níbi tí èso ti máa jáde ni. Tí ìdin bá pa, àárín oúnjẹ ló wà. Á jẹ irúgbìn tó ń dàgbà yẹn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á jábọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀ ló ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Á gé ewé wẹ́wẹ́, á fi òwú tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde so wọ́n pọ̀, á sọ ọ́ di àpò pẹlẹbẹ, á kó sínú rẹ̀. Ibi tó bá ń lọ, àpò ń bá a lọ. Orí àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ síta. Bó ṣe ń dàgbà ló ń fi ewé kún àpò náà. Ewé tó ti já sílẹ̀ àti ewé tó wà mọ́lẹ̀ ló ń jẹ. Inú àpò kan náà yìí ni yóò ti sùn títí yóò fi hu ìyẹ́. Àwọn kan, bíi ti Adela reaumurella, ewé gbígbẹ abẹ́ igi gan-an ni oúnjẹ ọmọ wọn.

Ẹ wá rí i báyìí pé ijó tí ẹ ń wò lókè igi, ewé tó wà nílẹ̀ ló bí i. Ẹni tó bá gbá gbogbo ewé abẹ́ igi rẹ̀ tó sì dáná sun ún, àwọn ọmọ Adela tó wà nínú rẹ̀ ló sun. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé àwọn èèyàn ń ṣe é lọ́dọọdún, tí wọ́n á tún máa béèrè ibi tí labalábá wọ̀ lọ.

Bàbá Ọlọ́gbà fèsì:

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ẹlẹ́wé, àmọ́ ẹ fi ara yín sípò ẹni tó ń tọ́jú ọgbà. Ìgbín ń fi ara pamọ́ sábẹ́ ewé, ewé tútù sì lè mú kí èèyàn yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà.

Ìyá Ẹlẹ́wé fèsì:

Ẹ gbá ojú ọ̀nà, Bàbá, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má gbá a. Orí koríko náà, ẹ gbá a tí ẹ bá fẹ́. Ibi tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni abẹ́ igi àti ìdí ọgbà onígi, níbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. Ẹ kó ewé ojú ọ̀nà sábẹ́ igi náà, kí ó jẹrà síbẹ̀. Tí ẹ bá ń gé koríko, ẹ fi etí kan sílẹ̀ tí òdòdó ìgbẹ́ á ti ráyè tanná kí irúgbìn rẹ̀ sì gbó. Tí ẹ bá gé òdòdó Knautia kí irúgbìn inú rẹ̀ tó dàgbà, ẹ ti gé oúnjẹ ọmọ Nemophora metallica nìyẹn.

Oògùn apakòkòrò kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àwọn àfòpiná yìí kì í ba ohun ọ̀gbìn jẹ́.

Bàbá Ọlọ́gbà fèsì:

Etí ọgbà ni a ó fi ṣe é, mo ti gbọ́.

Télọ̀ Àgbà fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti aṣọ òtútù, torí kò sí ẹni tó tíì tú u palẹ̀ fún Ìyá Ìbejì. Àfòpiná tó ń jẹ aṣọ yàtọ̀ pátápátá. Tineola bisselliella ni èyí tí wọ́n mọ̀ jù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ, kì í dán bí idẹ, inú òkùnkùn ló sì ń gbé. Tí ẹ bá ṣí àpótí, sísá ló máa sá fún ìmọ́lẹ̀. Èyí tó ń jó lójú oòrùn lórí igi óákù kò ní iṣẹ́ kankan nínú àpótí.

Ohun tó lè da èèyàn lójú rú ni pé ìdin Tinea pellionella, tó ń jẹ aṣọ onírun, máa ń gbé àpò tirẹ̀ kiri náà. Àmọ́ ohun tó fi ṣe àpò ni kí ẹ wò. Fọ́nrán aṣọ ni ti Tinea, inú ilé lẹ ó sì ti rí i. Ewé ni ti Adela, ilẹ̀ ìta ni. Ẹ fọ aṣọ òtútù yín kí ẹ tó kó o pamọ́, ẹ máa gbọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè, ẹ sì fi àwọn ti igi óákù sílẹ̀.

Aláwòrán fèsì:

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ya àwòrán wọn, ẹ má lépa èyí tó ń jó. Ẹ óò kàn máa ya ewé lásán ni. Ẹ dúró títí kùrukùru á fi bo oòrùn. Kíá ni wọ́n máa ń bà tí kùrukùru bá ti bo oòrùn, ẹ ó sì rí wọn lórí ewé tó wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń jó. Àárọ̀ kùtù tí ara wọn kò tíì móoru náà dára.

Ẹ rọra sún mọ́ wọn láti ìsàlẹ̀, kí òjìji yín má ṣubú lù wọ́n. Lẹ́ǹsì macro ló dára jù, ṣùgbọ́n fóònù tó lè ya ohun tó wà nítòsí náà á ṣe é. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń mi ìwo wọn, torí náà ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà yára, ó kéré tán ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣòro tó tún wà ni pé ìwo náà gùn ju ohun tí lẹ́ǹsì lè mú mọ́ kedere lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ẹ fi kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ kòkòrò náà kí ìwo àti ara wà ní ìlà kan. Ẹ sì má sún mọ́ ọn débi pé ẹ ó gé ṣóńṣó ìwo kúrò nínú àwòrán, torí gígùn ìwo yẹn wà lára ohun tí ẹni tó máa dá a mọ̀ yóò wò.

Ẹ yà á láti igun méjì ó kéré tán. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà bí ẹ bá ṣe yí. Ohun tó jẹ́ ewé níbí lè di bàbà lọ́hùn-ún.

Ọmọ Ọlọ́dẹ fèsì:

Kí ló ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà?

Tíṣà Bàyọ́lọ́jì fèsì:

Àwọ̀ náà kì í ṣe aró tó wà nínú ìyẹ́. Bí a ṣe to ìpẹ́ rẹ̀ ní ìpele tín-ín-tín-ín ló fà á. Ìmọ́lẹ̀ tó bá lu ìpele òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa ń pàdé nígbà tó bá ń padà bọ̀, àwọ̀ kan á lágbára sí i, òmíràn á parẹ́. Bí igun tí ẹ dúró sí bá ti yí, àwọ̀ tó lágbára náà á yí.

Ìyá Ìbejì fèsì:

Ẹ̀kọ́ ńlá ni mo kọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: àwọn ìbejì fẹ́ mú ọ̀kan wò dáadáa. Ṣé a lè fi sínú ìgò?

Alákíyèsí fèsì:

Ẹ lè ṣe é, Ìyá Ìbejì, ó kàn gba sùúrù ni. Ẹ má fi ọwọ́ mú un, torí ìpẹ́ á bọ́, ìwo á sì dá. Ẹ wá ìgò kékeré tí a lè rí inú rẹ̀, tó gbẹ, kí ẹ dúró de èyí tó ti bà sórí ewé. Ẹ fi ìgò bò ó láti òkè, ẹ ti bébà wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé ìwo ti wọlé tán kí ẹ tó pa á dé. Inú òjìji ni kí ẹ gbé e sí, oòrùn á yára sè é nínú ìgò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún àwọn ọmọ láti wò ó, kí ẹ dá a padà sórí igi tí ẹ ti mú un gan-an. Ayé wọn kò gùn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hu ìyẹ́, gbogbo wákàtí oòrùn ṣe pàtàkì fún wọn.

Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ náà: ọjọ́, ibi, ewéko tó bà lé, bóyá ìwo gùn tàbí kò gùn, àti iye tí wọ́n ń jó pọ̀. Ẹ lè fi àwòrán àti àkọsílẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń pín àwòrán ẹranko àti ewéko tí wọ́n rí, àwọn tó mọ̀ wọ́n á bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Ìbejì fèsì:

A dúpẹ́ o. Tí a bá rí èyí tí ìwo rẹ̀ kúrú, ṣé a lè kọ ọ́ pé abo ni láìyẹ nǹkan mìíràn wò?

Alákíyèsí fèsì:

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwo wọn máa ń dá nígbà mìíràn, akọ tí ìwo rẹ̀ ti dá á sì dà bí abo. Ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀: ìwo tó pé máa ń tín-ín-rín lọ títí dé òpin, èyí tó ti dá á kàn dúró gbú. Lára àwọn Nemophora kan, ìpẹ́ dúdú máa ń bo ìdí ìwo abo, ìdí náà á sì nípọn. Lára Adela reaumurella tiyín, irun orí tí Tíṣà sọ lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ gbára lé. Tí àwòrán bá ti mú orí rẹ̀ kedere, ẹ gbé e wá síbí ká jọ wò ó.